Brigitte, Ẹ̀rọ Tuntun Mi, àti Omi Ìbùkún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ohun tí mò ń kọ síbí, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ara mi fún yín lónìí. Bí ẹ bá ń gba Ìdáàṣà kọjá, tí ẹ gbọ́ tí àwọn ọlọ́kadà ń kígbe "Brigitte! Brigitte!" lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ má wulẹ̀ máa wá obìnrin kankan kiri. Èmi ni. Èmi Firmin, ọkùnrin, tí irùngbọ̀n ń bẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe jẹ́? Ojú ń tì mí díẹ̀, àmọ́ màá sọ ọ́. Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ ó rí i nínú bí mo ṣe ń kọ̀wé, torí náà ẹ fi sùúrù bá mi kà á.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe. Mo ní ìsọ̀ onípáànù kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà ti yà sí Arigbo. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tó bá di oṣù kẹjọ, tọmọdé tàgbà ló ń rọ́ wá síbẹ̀ láti wá gbàdúrà sí Màríà Wúńdíá lẹ́nu ihò àpáta. Ẹni tó bá sì wá ń fẹ́ fọ́tò tí yóò gbé délé. Òótọ́ ni pé àwọn ará ìlú ńlá ní tẹlifóònù, àmọ́ ìyá àgbà tó ti Pobè wá ò fẹ́ fọ́tò inú tẹlifóònù. Èyí tó ṣe é gbé kọ́ ara ògiri ló ń fẹ́, kí àwọn orogún rẹ̀ máa rí i.

Ìṣòro mi ni pé mi ò ní kọ̀ǹpútà, ohun tí àwa níbí ń pè ní ordi. Mo máa ń ya àwòrán, n ó wá gbé káàdì rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Bohicon láti lọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí n tó padà dé, àwọn oníbàárà mi ti wọkọ̀ lọ sí ìlú wọn. Ẹ wá wo inú ìsọ̀ mi: ojú àwọn tí mi ò mọ̀ rí ló kún ara páànù. Ìyá kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó wé gèlè pupa, tó dijú pinpin, tó ti ń dijú wò mí láti ọdún tó kọjá. Àwọn ọmọ àdúgbò rò pé ìyá àgbà mi tó ti kú ni, wọ́n máa ń kí mi kú ará fẹ́ra kù.

Torí náà mo ní lọ́dún yìí, n ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré mi, kí n máa ya fọ́tò, kí n máa tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìyá mi, tí gbogbo ọjà Glazoué mọ̀ sí Ìyá Firmin, ló ràn mí lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọọdún, ìyá mi máa ń fi iṣu tó dáa pamọ́ sínú àká. Kò ní tà á, kò sì ní jẹ́ kí á jẹ ẹ́, títí oṣù kẹjọ. Nígbà tí iṣu tuntun bá ti dé, tí gbogbo èèyàn ń gún iyán olómi, ìyá mi á wá kó iṣu gbígbẹ tirẹ̀ jáde, á gún iyán tó le dáadáa fún àwọn tó wá sí Arigbo, lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Ohun tí à ń jẹ títí ọdún á fi yípo nìyẹn. Lọ́dún yìí, ó ta gbogbo iṣu náà ṣáájú àkókò, ó sì kó owó rẹ̀ fún mi. Ó ní kí iyán sinmi lọ́dún yìí, kí fọ́tò gbé wa.

Ẹ rí i bí ẹrù náà ṣe wúwo tó? Bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ ní Arigbo, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kò sí fọ́tò, kò sì sí iyán.

Ọ̀dọ̀ Aláàjì Múfútáù ni mo kọ́kọ́ lọ. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìdáàṣà, àwọn àlòkù tí wọ́n kó ti France wá, tí òun fúnra rẹ̀ máa ń tú, tí á nù, tí á pààrọ̀ ohun tó bá bàjẹ́ nínú wọn. Aláàjì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀rọ kan nínú ìsọ̀ rẹ̀ tí kò ní ìtàn. Èyí, ó ní agbẹjọ́rò kan ló lò ó, agbẹjọ́rò náà kì í sì í mu sìgá. Tọ̀hún, ó ní ilé ìwé ló ti wá, kí n má tiẹ̀ wò ó, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan.

Ó wá gbé ọ̀kan kalẹ̀ níwájú mi. Ó dúdú, ó nípọn, ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Lórí ìdérí rẹ̀, bébà pélébé kan lẹ̀ mọ́ ọn, tí ẹnì kan fi yíǹkì tí kì í parẹ́ kọ èdè Faransé sí: Brigitte, ẹ̀ka ìṣirò owó, ẹ má fọwọ́ kàn án. Aláàjì ní àwọn ti fi kẹrosíìn pa á, àwọn ti fi èékánná họ ọ́, kò ṣí. Ó ní gọ́ọ̀mù wọn lọ́hùn-ún, gọ́ọ̀mù ni. Ó ní Brigitte yìí, obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í jẹun nídìí ẹ̀rọ, kì í fìbínú tẹ bọ́tìnnì, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ gbogbo èyí. Ó ní bọ́tìnnì ló sọ fún òun.

Ó wá sọ èyí tó ṣe pàtàkì, èyí tí etí mi ò gbà. Ó ní agbára inú rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ ọ́fíìsì tó le ni wọ́n ṣe é fún. Òun ti fi dísíìkì tuntun sí i, ààyè tó máa gba fọ́tò pọ̀ níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló ṣe é tú, ló sì ṣe é pààrọ̀. Bátìrì rẹ̀ nìkan ni kò lágbára mọ́, kí n máa fi í sídìí iná.

Mo wo Brigitte. Mo wo bébà orí rẹ̀. Ẹnu mi sì máa ń ṣáájú ọpọlọ mi dé ibi gbogbo. Mo ní:

"Aláàjì, ọ̀dọ́kùnrin tí ò tíì gbéyàwó ni mí. Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi opó bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Aṣọ títa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló mì díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí gbogbo Ìdáàṣà mọ̀, pé opó ni Ìyá Ràfíù, ìyàwó Aláàjì, kí Aláàjì tó fẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn aṣọ títa yẹn gan-an ló sì wà, tó ń se tíì.

Aláàjì rọra pa Brigitte dé. Ó ní kí n máa lọ, kí Ọlọ́run fún mi ní wúńdíá tí mò ń wá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó fún mi o!

Ọ̀rẹ́ mi Rodrigue, tó ń gun zémi, ìyẹn ọ̀kadà akérò, ló gbé mi lọ sí ìsọ̀ kan létí títì ńlá. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Tuntun! Ó wà nínú páálí rẹ̀, nínú ọ̀rá rẹ̀, ó ń tàn bí omi odò tí oòrùn wọ̀. Ó fẹ́lẹ́, èèyàn lè fi ìka méjì gbé e. Iye kan náà sì ni òun àti Brigitte. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi: owó kan náà, ọ̀kan kò tíì rí oòrùn rí, èkejì ti sin Brigitte dé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Èwo lẹ ó mú? Rodrigue ní bí òun bá rí mi pẹ̀lú opó yẹn, òun ò ní gbé mi lọ́kadà mọ́, torí ọmọge kan lè rí wa.

Ẹni tó ń tà á béèrè irú iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní fọ́tò. Ó gbójú sókè wo páànù fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní yóò gbìyànjú.

Ṣé èèyàn a máa ra ohun tí yóò gbìyànjú? Èmi rà á. Èmi ọmọ oníṣu! Èmi tí ẹnikẹ́ni ò lè fi èèpo tó ń dán tàn jẹ ní Glazoué, tí mo máa ń fi ìka kan iṣu, tí n ó gbọ́ ohùn rẹ̀, tí n ó béèrè ọjọ́ tí wọ́n wà á, kí n tó jẹ́ kí ìyá mi tọwọ́ bàpò. Kọ̀ǹpútà ni mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Rodrigue ń fọn fèrè ọ̀kadà rẹ̀ láti títì dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá mi gbé páálí náà lé itan, ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni pa orí ọmọ ọwọ́. Mo kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ páálí náà nù. Ẹ mọ̀ wá, àwa ará ibí. Páálí gan-an ni ẹ̀rí.

Ẹ tún mọ̀ pé ohun tuntun kì í jáde nínú ọ̀rá lọ́dọ̀ wa. Ohun tí a fi ń yí tẹlifíṣọ̀n, inú ọ̀rá ló ń gbé títí yóò fi kú. Àga ọ̀kadà Rodrigue wà nínú ọ̀rá síbẹ̀, ó sì ti lé lọ́dún mélòó kan. Èmi náà ra ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo ìwé àwọn ọmọ iléèwé, mo gé e, mo fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ náà lára: orí, ẹ̀gbẹ́, orí bọ́tìnnì, abẹ́. Àwọn ihò wínníwínní kan wà lábẹ́ rẹ̀. Mo bo ìyẹn náà pa. Ta ni kò mọ eruku pupa Ìdáàṣà?

Ìyá mi dúró lẹ́yìn mi, ó bi mí pé ṣé nǹkan náà kì í mí ni.

"Ìyá, kì í ṣe ewúrẹ́," ni mo fi dá a lóhùn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Níbẹ̀rẹ̀, ó dùn. Mo kọ orúkọ mi lórí rẹ̀, ó hàn gàgà. Àmọ́ ìgbà tí mo kó fọ́tò sínú rẹ̀, hàà! Bí mo bá ṣí fọ́tò kan, mo lè lọ jẹ ẹ̀wà, kí n jókòó bá oníẹ̀wà ṣàwàdà, kí n padà dé, kí ó ṣì máa ronú. Kò pẹ́ tó fi sọ fún mi pé inú òun ti kún. Kí ló jẹ? Mi ò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ooru bẹ̀rẹ̀. Ológbò aládùúgbò mi, tí kì í wọ ìsọ̀ mi rí, wá sọ ọ́ di ibùsùn láàárọ̀ òjò. Ẹ̀rọ náà á gbóná títí, á sì kú pii fúnra rẹ̀. N ó pa á dé, n ó fún un ní ìsinmi, á tún jí. Ibi tí à ń fi ìka rá lórí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga sókè díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé ó ń sanra ni.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ìyá mi bá béèrè bó ṣe ń ṣe sí, n ó ní ó ń sáré bí ọkọ̀ Cotonou.

Ọjọ́ ìsinmi tó ṣáájú àjọ Arigbo, ìyá mi ní a ò lè gbé ohun tuntun lọ jẹ àjọ Ìyá Olúwa láì bù kún un. Òótọ́ ló sọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré àdúgbò wa, lẹ́yìn Máàsì, ẹni tó ra ọ̀kadà á gbé ọ̀kadà wá, ẹni tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ á gbé e wá, àlùfáà á sì fi omi mímọ́ wọ́n ọn. Wọ́n tò wá sórí ìlà. Ọ̀kadà kan wà níwájú mi, ọkùnrin kan wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfín-oògùn-kòkòrò tuntun tí yóò fi fín òwú oko rẹ̀ ní Aklampa. Ìyá mi wọ aṣọ àjọ̀dún rẹ̀.

Ẹ wò ó, mo lè pa ẹ̀rọ náà dé kí omi kan ẹ̀yìn rẹ̀ lásán. Àmọ́ mo rò ó pé bí ìbùkún bá kan ìta nìkan, ta ni yóò bá mi wo inú tó ń dá mi láàmú? Mo ṣí i kalẹ̀ gbayawu. Mo tàn án. Mo tiẹ̀ gbé e sókè sún mọ́ àlùfáà.

Àlùfáà wa, ẹni tó lawọ́ ni. Ó ti ọwọ́ bọ garawa, ó fi ìgbálẹ̀ kékeré rẹ̀ wọ́n omi náà bí ẹni ń bu omi sí ọgbà ewébẹ̀. Omi kan ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó kú.

Ọkùnrin ará Aklampa rọra gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Àlùfáà wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó bi mí jẹ́jẹ́ bóyá ó ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ní rárá. Lójú omi mímọ́, ẹ̀yin ará, mo ní rárá.

Ìyá mi wá sún mọ́ mi, ó ń wo ojú mi. Ìtìjú ti bò mí, Rodrigue wà níbẹ̀, àwọn ọmọge akọrin wà níbẹ̀. Mo yíjú sí i, mo sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́:

"Ìyá, omi yín ló pa á."

Ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó fi etí aṣọ àjọ̀dún rẹ̀ nù ún, ó sì gbé e délé bí ẹni gbé ọmọ tó ń ṣàìsàn.

Nígbà tí a délé, ẹnì kan ní ìrẹsì máa ń fa omi. Ìyá mi da gbogbo ìrẹsì ilé sínú agbada, ó ri ẹ̀rọ náà mọ́ ọn títí kò fi hàn mọ́. A wá ń mu gààrí. Òun á lọ wò ó láàárọ̀, á lọ wò ó nírọ̀lẹ́, á fọwọ́ kan ìrẹsì náà. Ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ ni àdúrà. Ìyá mi tó jẹ́ pé àdúrà rẹ̀ ló ń jí àkùkọ! Mo mọ ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, mi ò jẹ́wọ́.

Ẹ̀rọ náà ò jí. Àjọ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó àga àti àtíbàbà ti ń gòkè lọ sí Arigbo. Kò sí ibòmíràn tí mo lè lọ ju ọ̀dọ̀ ẹni tí mo bú lọ.

Aláàjì rí mi lókèèrè, ó fi mí sílẹ̀ kí n dúró. Mo kí i, ó dáhùn. Mo bi í léèrè ilé, ó ní dáadáa. Mo bi í léèrè ọjà, ó ní dáadáa. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ẹ̀rọ kan tó ti mọ́. Ìyá Ràfíù wá jáde láti ẹ̀yìn aṣọ títa, ó gbé kọ́ọ̀bù tíì kan síwájú ọkọ rẹ̀. Kò gbé ìkankan síwájú mi.

"Firmin," ó ní, "opó ń kí ọ."

Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, àárín àwọn wáyà. Mo ní kí ó jọ̀wọ́, ẹnu mi ò ní ìdè. Ó wò mí títí, ó ní kí n dìde, òun ò tíì gbó tó Brigitte.

Bí Aláàjì ṣe gbọ́ ìyẹn, ó rẹ́rìn-ín, ara tù mí díẹ̀. Ó gba wúńdíá mi. Ó kọ́kọ́ wo ọ̀rá náà, ó fi abẹ gé e, ó ń bó o kúrò bí ẹni bó awọ ejò. Ó tú abẹ́ rẹ̀. Ó tẹ orí bọ inú rẹ̀, ó fi orí ìka kàn án níbí, kàn án lọ́hùn-ún. Ó mú ohun kékeré kan tí ó fi ń mú nǹkan, ó fa hóró kan jáde láti inú ihò tí à ń ti okùn bọ̀, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Omi ò dé ibí rárá," ó ní. "Ìrẹsì nìkan ló dé."

Gbígbẹ ni inú rẹ̀. Ọ̀rá tí mo fi bò ó ò jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan wọlé. Àmọ́ ọ̀rá yẹn kan náà ni kò jẹ́ kí ooru jáde. Aláàjì fi bátìrì rẹ̀ hàn mí, ó ti wú bí ikùn ewúrẹ́ tó lóyún. Sísanra tí mo rí nìyẹn! Ó ní mo ṣe oríire tí kò gbiná mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní mo dì í bí òkú, ó wá ń yà mí lẹ́nu pé ó kú. Bí òun bá sì tún un ṣe, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ lẹ́tà ló lè ṣe, kì í ṣe ti fọ́tò. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà burú. Èmi ni mo gbé ẹrù ràkúnmí lé ewúrẹ́.

Ìyá Ràfíù ò tíì wọlé. Ó bi mí bóyá ìyá mi ti mọ̀ pé ọ̀rá ni.

Mo ní báwo ló ṣe máa mọ̀ nígbà tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Àmọ́ ó ń wò mí síbẹ̀. Mo wá jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ náà ti ń kú fúnra rẹ̀ tipẹ́ kí omi tó kàn án.

Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní òun rí ìyá mi lọ́jà. Ìyá mi fa òun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra bi òun léèrè, òun tó jẹ́ Mùsùlùmí, bóyá nínú ẹ̀sìn tiwọn náà, Ọlọ́run máa ń da àdúrà padà sọ́wọ́ ẹni tó gbà á.

Mi ò mọ ibi tí mo máa gbójú sí. Hóró ìrẹsì yẹn wà lọ́wọ́ mi síbẹ̀.

Aláàjì ní òun lè gba wúńdíá mi, òun á pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, òun á tà á fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, kí n máa gbé Brigitte lọ, ká fi ṣe pàṣípààrọ̀. Mo ti na ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní rárá.

"Kó kọ́kọ́ délé," ó ní. "Brigitte ò ní sá lọ."

Mo bá ìyá mi níwájú odó. Ó ti se iṣu tuntun, ó ń gún un, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ṣe é tà fún àwọn tó wá sí àjọ, bí ọwọ́ wa bá ṣófo. Mo dúró tì í. Ọmọ odó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ìyá, omi kọ́ ló pa á."

Kò gbójú sókè.

"Ọ̀rá tí mo fi bò ó ni. Ó sì ti ń kú kí á tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àlùfáà. Mo mọ̀."

Ọmọ odó dúró. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Ìyá."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀, tàbí nǹkan mìíràn, mi ò wò ó dáadáa.

"Ọlọ́run ò bínú sí mi nígbà náà?"

"Kò bínú sí yín, Ìyá."

"Ó dáa," ó ní. "Èmi ni mo bínú." Ó na ọmọ odó sí mi. "Gún un."

Mo gún un. Ṣé ẹ ti gún iṣu tuntun olómi rí, kí ìyá yín máa wò yín? Iṣu ń sáré kúrò lábẹ́ ọmọ odó, kókó ń fò sókè, omi ń ta sí mi lójú. Mo gún títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Ìyá mi bu díẹ̀ tọ́ wò, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó ní òótọ́ ni, tuntun ni. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ò tán bọ̀rọ̀, ìró rẹ̀ tú, ó tún un ró, ó tún rẹ́rìn-ín. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn àdúrà rẹ̀ ló jí mi. Mi ò tíì gbọ́ ariwo tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó kù díẹ̀ kí pàṣípààrọ̀ náà tún bàjẹ́, torí Aláàjì ní òun ń fẹ́ páálí rẹ̀. Mo sáré wọ ẹ̀yìn ilé. Páálí tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn, adìyẹ ìyá mi ti sàba lé ẹyin nínú rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó ní ìwé ilẹ̀. Mo padà lọ ròyìn. Ìyá Ràfíù ló dá ẹjọ́ náà, ó ní a kì í lé abiamọ jáde nílé nítorí ọjà títà.

Bí Brigitte ṣe gun òkè Arigbo pẹ̀lú mi nìyẹn. Mo gbé e kalẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà ìyá mi, mo fi í sídìí iná jẹnẹrétọ̀. N ó ya fọ́tò, n ó kì í bọ inú rẹ̀, kí n tó mí, ó ti jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kò bínú, kò gbóná, kò di ibùsùn ológbò kankan. Ìyá mi, tí kò ní iṣu gbígbẹ láti gún, ń din iṣu tuntun ní dùndún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹni tó ń dúró de fọ́tò á ra dùndún, ẹni tó ń jẹ dùndún á ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò.

Àmọ́ bébà orí Brigitte! Gbogbo ẹni tó mọ̀wé ló ń kà á sókè. Wọ́n ní ṣé èmi ni Brigitte. Wọ́n ní ṣé wọ́n lè fọwọ́ kàn mí. Rodrigue gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé e ká gbogbo ìdúró ọ̀kadà. Kí àjọ tó parí, orúkọ ìsàmì mi ti parẹ́.

Ìyá kan tó wé gèlè pupa dúró níwájú mi. Mo ní mo mọ ojú yìí. Mo mú fọ́tò ọdún tó kọjá jáde. Ó wò ó, inú rẹ̀ dùn, ó wá ní kí ló dé tí òun dijú. Ìyá mi yára ní àdúrà ló ń gbà. Mo ní kí ó jẹ́ kí n yà á mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo yà á. Ó tún dijú.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé a di olówó. Àmọ́ iṣu ti padà sínú àká, ìyá mi sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má fojú kàn án títí àjọ tó ń bọ̀. Adìyẹ náà ti pa ẹyin rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo rà lọ́jọ́ yẹn, páálí nìkan ló bí ọmọ.

Kí ni mo rí kọ́? Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, kó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe, kó wá béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, kó má wo èèpo. Tuntun ò burú, àlòkù ò burú, ó kù sọ́wọ́ ẹrù tí èèyàn fẹ́ dì lé e. Kó sì yọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, mo bẹ̀ yín! Èyí tó dùn mí jù kò sí nínú ẹ̀rọ kankan. Ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ̀rọ ṣe é pààrọ̀. Mo ti bẹ ìyá mi, ó ní ó ti tán, àmọ́ bí mo bá rí i tó ń nu nǹkan pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀, mo máa ń yára gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí n bá a nù ún.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ra tuntun tó já a kulẹ̀, àbí àlòkù tó dójú tì í? Ta ló ti di ẹrù tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí n má dá nìkan gba ẹ̀sín. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀: bí ẹ bá ń dá mi lóhùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè mí ní Firmin.